Ìrìn Àjò Wa sí Ìlọrin Nítorí Ẹsẹ̀ Jíìpù

Àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì ní Àrán-Ọ̀rin nígbà tí a gbéra. Kì í ṣe pé Ìlọrin jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ tán, tó wọ ọkọ̀ tó dáa ní Òmù-Àrán, yóò ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ohun tó mú wa tètè jí ni pé jíìpù wa kò gbọdọ̀ sáré. Nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn irin tí a ń fi táyà sí, mẹ́ta ti là rí, tí àwọn wẹ́dà sì ti fi iná jó wọn pọ̀. Bàbá Jóṣúà, awakọ̀ wa, sọ fún wa kí a tó wọ ọkọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun sáré ju ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, kí olúwarẹ̀ bọ́ sílẹ̀ wá wà á fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, Dọ́káàsì ni orúkọ mi. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré tí ìjọ wa ní ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń lọ yí ká àwọn abà tó wà lẹ́yìn Èsìẹ́, níbi tí títì ọlọ́dà kò dé, láti wo àwọn aboyún, kí n sì gbé èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ sí ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán. Àwọn òyìnbó ìjọ ló fi jíìpù náà sílẹ̀ fún wa nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, nígbà tí ènìyàn lè wọ ọjà kí ó ra ohun tó fẹ́, kí ẹni tó tà á sì tún dúpẹ́. Ìgbà yẹn ti lọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, owó epo ti gbẹ. Mílíìkì inú agolo ti di ohun tí a ń gbé sórí tábìlì kí àlejò lè rí i, tí a sì ń gbé padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí àlejò bá ti lọ. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun ti di ìtàn. Tòkunbọ̀ ni gbogbo ayé ń rà, ìyẹn ohun tí àwọn ará òkè òkun ti lò gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹsẹ̀ iwájú kan là mọ́ wa lábẹ́ lójú ọ̀nà oko, pẹ̀lú obìnrin kan tó ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ni mo ti gbẹ̀bí rẹ̀. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ní kò yẹ kí gbogbo ọmọ abà máa jẹ́ Abíọ́nà. Èyí tó tún ká mi lára jù ni ti ìyàwó Àjàdí, tó wà ní Abà Orí-Òkè. Ìbejì ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti fọwọ́ kàn án pé ọ̀kan nínú wọn dábùú. Mo rò pé ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó bí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbé lọ síwájú ìjọ, tí wọ́n fi ní kí a lọ wá ẹsẹ̀ mìíràn fún jíìpù kí òjò tó wọlé.

Ẹnì kẹta wa nínú ọkọ̀ ni Bàbá Èkó. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n èmi kò lè pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ìyàwó kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Agbaṣẹ́ṣe ni ní Èkó. Ó wálé wá ṣe ìkórè ìjọ, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ jíìpù láàárín ìsìn, ó dìde, ó ní òun nìkan ni yóò ra ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Léèsì funfun ló wọ̀ fún ìrìn àjò náà, pẹ̀lú fìlà tó bá a mu. Ó ní ènìyàn kò mọ ẹni tí òun lè pàdé ní Ìlọrin.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a kọjá Òmù-Àrán. Ní Òrò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń to garawa síbi ẹ̀rọ omi. Títì dára láti ibẹ̀ lọ, nítorí pé ìgbà owó epo ni wọ́n ṣe é, Bàbá Jóṣúà gan-an sì wà lára àwọn tó wa katakata fún àwọn òyìnbó tó ṣe é. Ó máa ń mọ ibi tí òkúta wà lábẹ́ ọ̀dà, ó sì máa ń tọ́ka sí i bí ẹni ń fi ilé ìbátan hàn. Láàárín Òrò àti Àjàṣẹ́, ọkùnrin kan tó gbé adìyẹ mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yà wá sílẹ̀. Ó kí wa bó ti ń kọjá. A dá a lóhùn.

A dúró jẹun ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ẹyọ àkàrà kan, ó sì ti kéré débi pé obìnrin tó ń dín in ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ títóbi yọ ọ́ nínú epo. Ibẹ̀ ni Bàbá Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa nípa àlọ́ì. Irin kan ni, ó fúyẹ́, ó ń dán bí fàdákà, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ àwọn ènìyàn gidi ní Èkó báyìí. Kì í dípẹtà. Ó ní òun fẹ́ kí jíìpù ìjọ jẹ́ ohun tí ìjọ mìíràn yóò máa bèèrè. Bàbá Jóṣúà jẹ àkàrà tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní àwọn òyìnbó tí òun bá ṣiṣẹ́ ní oríṣiríṣi ọkọ̀, ṣùgbọ́n irin dúdú ni wọ́n fi sẹ́sẹ̀ èyí tó ń wọ inú igbó. Bàbá Èkó ní ìgbà yẹn nìyẹn.

Oòrùn ti mú nígbà tí a dé Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá dé ibẹ̀ rí, ọjà ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá dúró níwájú ọjà obìnrin kan, iye tó ń tà á ni yóò kọ́kọ́ sọ, ẹ ó sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ní Ìlọrin, wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ilé, wọn yóò bi ọ́ léèrè ọ̀nà, wọn yóò ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, ìyẹn ohun tí àwa ń pè ní ìbùkún. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá dá iye kan tí àdúrà kò lè dín kù. Fúlàní kan ta wàrà fún wa lẹ́nu ọ̀nà ọjà, nínú ewé, ó tutù. Bàbá Èkó kò jẹ ẹ́ nítorí léèsì rẹ̀.

Àwọn tó ń ta ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà ní ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tí Bàbá Jóṣúà mú wa lọ bá ni Àlàájà Mẹ̀múnà, obìnrin arúgbó tó jókòó sórí táyà ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú ìbòrí funfun. Ọkọ rẹ̀ ló ni ìsọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn àbúrò ọkọ ń dúró kí ó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń dúró.

Kò bèèrè iye tí a mú wá. Ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ ló bèèrè. Bàbá Èkó ní ọ̀nà oko. Àlàájà ní ọ̀nà oko wo, ṣé ti òkúta ni àbí ti ẹrẹ̀? Bàbá Èkó wo ojú mi, mo sì dáhùn pé òkúta ni lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ni lójò, òkúta abẹ́ ẹrẹ̀ ni ní òpin ọdún. Ó bèèrè bí ọ̀nà náà ti fẹ̀ tó. Bàbá Jóṣúà na apá rẹ̀ méjèèjì, ó rò ó wò, ó sì fà wọ́n mọ́ra díẹ̀.

Àlàájà nawọ́ sí ẹsẹ̀ irin dúdú mẹ́rin tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú táyà wọn. Kò sí ẹwà kankan lára wọn. Ó ní íńṣì mẹ́rìndínlógún ni, bí ti èyí tó wà lábẹ́ jíìpù wa gan-an, wọ́n sì tóóró. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí olùkọ́. Ó ní táyà tóóró tó ga ló yẹ ẹrẹ̀ wa, nítorí pé yóò gé ẹrẹ̀ kọjá lọ bá ilẹ̀ líle nísàlẹ̀, nígbà tí èyí tó fẹ̀ yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni wọ bàtà tuntun. Ó tún ní táyà onííńṣì mẹ́rìndínlógún náà ni àwọn ọkọ̀ akóṣu máa ń lò, nítorí náà a ó rí i rà ní Òmù-Àrán níbẹ̀ bí ọ̀kan bá gbó, a kò ní máa wá a kiri ìlú.

Mo yọ tépù mi nínú àpò. Tépù tí mo fi ń wọn ikùn aboyún ni, íńṣì sì wà lójú rẹ̀ kejì. Mo wọn ẹsẹ̀ irin náà láti etí dé etí, mo wọn àlàfo àárín ihò sí ihò, mo lọ wọn ti jíìpù. Wọ́n bára mu. Ihò márùn-ún, márùn-ún. Ọkùnrin kan tó ń ta bátìrì ní ìsọ̀ kejì bi mí bóyá ránṣọránṣọ ni mí, mo ní rárá, agbẹ̀bí ni mí. Kò bèèrè mọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Èkó rí àwọn àlọ́ì. Ara ògiri ni wọ́n gbé wọn kọ́ sí, mẹ́rin, íńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú táyà tó fẹ̀ tó àga ìjókòó ọmọdé. Oòrùn kàn wọ́n. Ó dúró síwájú wọn bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ lójú àjò. Ó ní ohun tí òun ń wí nìyẹn.

Àlàájà sọ òtítọ́ nípa wọn. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n fúyẹ́, lóòótọ́ ni wọn kì í dípẹtà, bí ó bá sì jẹ́ títì Èkó ni ọkọ̀ náà ń rìn, òun náà yóò ní kí a gbé wọn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan lu ọ̀kan nínú wọn, ó sì dún bí ìkòkò.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ìkòkò ni èyí. Irin yẹn, bí òkúta bá gbá a, á tẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀, alágbẹ̀dẹ abúlé yín á fi òòlù nà án. Èyí kì í tẹ̀. Ó máa ń le títí di ọjọ́ tó bá là, bó bá sì ti là, ó tán nìyẹn.”

Bàbá Èkó bèèrè bóyá ó fẹ́ tà wọ́n àbí kò fẹ́ tà wọ́n.

Ó dáhùn pé, “Mo fẹ́ tà wọ́n, Alhaji. Mo kàn fẹ́ kí ẹ lè padà wá kí mi láì bínú ni.”

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò alága ìkórè ní ọjọ́ Àìkú ló pè ní Alhaji. Bàbá Èkó kò tún un ṣe fún un. Èmi ló yíjú sí. Ó ní, “Ìyàwó, kí lo rí sí i?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gba ọ̀nà Abà Orí-Òkè, mo mọ òkúta ibẹ̀ bí mo ti mọ eyín ẹnu mi, ohun tí Àlàájà sọ sì bá gbogbo rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dúró síwájú mi, owó rẹ̀ ni, níṣojú àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un nínú ìjọ. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ náà ni, sà.” Bàbá Jóṣúà wò mí, ó wá wo òkè bí ẹni tó ń wo bóyá òjò ń bọ̀. Kò sí ìkùukùu kankan.

Wọ́n gbé àlọ́ì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Táyà náà yọ síta lábẹ́ mọ́dígáàdì bí ọmọ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Jóṣúà yí sítíárìn dé òpin, táyà iwájú ń ha ara irin inú ọkọ̀, ó ń dún. Bàbá Èkó ní yóò mọ́ ọn lára. Èyí tó sàn díẹ̀ nínú àwọn ẹsẹ̀ àtijọ́ wa, ìyẹn èyí tí wẹ́dà kò tíì fọwọ́ kàn, ni Bàbá Jóṣúà gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá Èkó ní kí ó jù ú nù, a ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Bàbá Jóṣúà ní òun fẹ́ fi ṣe ìjókòó nílé. Àlàájà gbàdúrà fún wa pé kí Ọlọ́run mú wa délé. Mo rí i pé kò gbé àwọn ẹsẹ̀ irin dúdú náà padà sí àyè wọn. Ó fi okùn so wọ́n pọ̀, ó tì wọ́n sí ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀.

N kò ní purọ́, jíìpù náà dùn ún wọ̀ lórí títì. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ gómìnà. Ní Ìdọ̀fián, àwọn ènìyàn juwọ́ sí wa. Bàbá Èkó bọ́ fìlà, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé, ó bi wá bóyá àwa náà rí i. A ní a rí i. A ya ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ àárọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé rẹ̀, ìyẹn láìsí adìyẹ mọ́, a sì kí i.

Nígbà tí a dé Òrò, oòrùn ṣì wà lókè dáadáa, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí a yà gba Èsìẹ́ lọ sí Abà Orí-Òkè, kí n lè wo ìyàwó Àjàdí. Bàbá Èkó gbà kíákíá. Ó fẹ́ kí àwọn ará abà rí ọkọ̀ náà. A kọjá ilé tí wọ́n kó àwọn ère òkúta Èsìẹ́ sí. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo rántí wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn òkúta, gbogbo wọn jókòó, wọ́n gbọ́wọ́ lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò tètè dé. Lẹ́yìn Èsìẹ́, ọ̀dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀.

Ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì ló wà lójú ọ̀nà náà, ọkọ̀ akóṣu ló sì là wọ́n. Táyà wa kò wọ inú wọn. Ó fẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ kan wà nínú ipa, ẹ̀gbẹ́ kejì ń gun bèbè, a ń mì bí ẹni wà nínú igbá tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti yí, táyà ń ha irin. Bàbá Jóṣúà rọra ń lọ. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi omi kékeré kan, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún yọ̀ kúrò lórí bèbè, ó sì já lu akọ òkúta.

Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwo bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nínú yàrá kejì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, àlọ́ì náà ti là láti etí dé ihò kan, láti ihò náà dé èkejì, afẹ́fẹ́ sì ti jáde tán nínú táyà. Ó ṣì ń dán. Bàbá Èkó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ìka bọ ibi tó là. Bàbá Jóṣúà ti ń yọ ìjókòó ilé rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí ó ti ń gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀ ni a rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àjàdí ni. Láti ọ̀sán ni ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti jáde, èkejì kò sọ̀ kalẹ̀, òun sì ń lọ sí Èsìẹ́ bóyá òun á rí ọkọ̀ tí yóò lọ pè mí wá. Ó wo jíìpù, ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo gbé àpò mi, mo ní kí ó dìde kí a jọ máa lọ. Máìlì kan àti díẹ̀ ni. Mo sáré ju bí mo ti rò pé mo lè sáré lọ.

Ìyá Àjàdí ló gba ọmọ àkọ́kọ́. Ó ti dè é ní ìwọ́, ó ti wẹ̀ ẹ́, obìnrin ni, ó ń ké. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn ìyá rẹ̀. Bí mo ti fi í sílẹ̀ náà ló wà: ọmọ kejì dábùú, orí rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo gbé ìwo tí mo fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e, ọkàn náà ń lù. Mo gbìyànjú láti yí i bọ̀ sípò láti òde, kò gbà. Kò sí ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe mọ́ níbẹ̀. Dókítà ni. Ìyàwó Àjàdí bi mí bóyá òun á kú. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ohun tó wà ní inú mi nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ọjà, bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ náà ni, sà. Òkúta nìkan kọ́ ló la àlọ́ì náà.

Jíìpù dé. Ẹsẹ̀ irin àtijọ́ wà ní iwájú ọ̀tún, ó ga ju àwọn yòókù lọ, ọkọ̀ náà sì dúró bí ẹni tó wọ bàtà onígìgísẹ̀ kan ṣoṣo. A tẹ́ obìnrin náà sẹ́yìn, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ wọlé tì í. Kí n tó wọlé, mo lọ bá Bàbá Èkó. N kò ráyè kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, bí òmíràn bá tún là, obìnrin yìí kò ní débẹ̀.”

Ó wo àwọn àlọ́ì mẹ́ta tó kù. Ó mú fìlà rẹ̀ dání, ó káwọ́ agbádá lé èjìká, ó rìn bọ́ síwájú ọkọ̀. Láti abà títí dé ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀ ní Èsìẹ́, ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fi rìn ín. Òkúta tí ó bá lè gbé, ó gbé e jù sínú igbó. Èyí tí kò lè gbé, ó dúró tì í, ó fi fìlà júwe fún Bàbá Jóṣúà bí yóò ti yí i ká. Àjàdí ń bá a gbé e. Níbi omi, ó wọ inú omi lọ láti fi ẹsẹ̀ wá òkúta ìsàlẹ̀. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ìwo mi lórí ikùn, mò ń ka ọkàn ọmọ. Nígbà tí ó fi máa wọ ọkọ̀ ní Èsìẹ́, léèsì rẹ̀ ti pọ́n láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, ó sì ti dọ̀tí lókè. Ó ní kí Bàbá Jóṣúà máa wà á lọ.

Dókítà ilé ìwòsàn Òmù-Àrán gba ìyàwó Àjàdí wọlé lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ kejì, ọkùnrin, ohùn rẹ̀ kéré sí ti èkíní ṣùgbọ́n ohùn ni. Àjàdí dọ̀bálẹ̀ fún dókítà, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Jóṣúà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún jíìpù. Nígbà tí mo lọ fi orúkọ wọn sílẹ̀, mo sọ pé Abà Orí-Òkè ni wọ́n ti bí Táyé, Òmù-Àrán níbí ni wọ́n ti bí Kẹ́hìndé. Akọ̀wé gbé kálàmù sílẹ̀, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ìyá kan náà ni.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Òmù-Àrán ni a sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Èkó ti lọ. Ó ti kó àlọ́ì mẹ́ta sórí bọ́ọ̀sì Ìlọrin, ó sì fi jíìpù sílẹ̀ lórí bíríkì nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ọ̀sán ni ó padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin dúdú mẹ́rin, okùn tí Àlàájà fi so wọ́n ṣì wà lára wọn. Ó ní Àlàájà kò bi òun ní ohunkóhun. Ó kí òun dáadáa, ó tún pe òun ní Alhaji, ó sì ra wàrà fún òun. Òun jẹ ẹ́. Ó dùn.

Bàbá Jóṣúà de nọ́ọ̀tì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún, ó yí i dé òpin lápá òsì, ó tẹ́tí. Kò sí nǹkan tó dún. Ó wọlé, ó tún aṣọ ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín, ohun tí èmi kò rí kí ó ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àrán-Ọ̀rin. Bàbá Èkó wà níwájú, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ó wá sọ̀rọ̀ láì yí ọrùn padà.

Ó ní, “Ìyàwó, nígbà tí mo bi ọ́ léèrè lọ́jà, ṣé o ti mọ̀?”

Mo ní, “Mo mọ̀, sà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, sà.”

A kọjá ilé ìwé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wá ní, “Lọ́jọ́ mìíràn, kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ ọ́.”

Bàbá Jóṣúà tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti kí ilé. Àwọn àgbà ìjọ ti dúró síta láti wo ẹsẹ̀ tuntun. Wọ́n wò ó yí ká, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì rọra bi mí bóyá èyí náà ni Bàbá Èkó rà. Mo ní èyí náà ni, Bàbá Èkó ló sì yàn án fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò náà kò jù báyìí lọ: ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ọ̀nà rẹ̀ mu, kí ẹni tó sì mọ ọ̀nà sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í. Láti ọdún náà wá, mo ti kúnlẹ̀ púpọ̀.